Inú Kí Ni Àwẹ̀ró Máa Gbin Àgbàdo Sí?

Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀!

Ṣé ẹ ò jẹun ni? Ààlọ́ o!

— Ààààlọ̀!

Ẹ̀n-ẹ́n. Àlọ́ mi fò kọjá lórí òrùlé, ó balẹ̀ gbì sínú ilé Àwẹ̀ró, ìyá alágbàdo.

Ní ìgbà kan rí, obìnrin kan wà nílùú Apáòdò tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Láyé ìgbà yẹn, èèyàn àti ẹranko jọ ń gbé àdúgbò kan náà ni. Pẹ́pẹ́yẹ ń gbé lápá ọ̀tún Àwẹ̀ró. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń gbé lórí igi àgbọn ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Òkété sì gbẹ́ ihò tiẹ̀ sábẹ́ ògiri ilé ìdáná.

Àwẹ̀ró ní irú àgbàdo kan tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un kó tó kú. Àgbàdo yẹn dùn! Tí wọ́n bá sè é lónìí, oyin inú igbó á máa jowú títí di ọ̀tunla. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ kì í fọ ẹnu fún ọjọ́ mẹ́ta, kí adùn yẹn má baà lọ.

— Bàbá, ẹnu rẹ̀ ò ní rùn?

Adùn ni yóò máa rùn, Ìyùnadé. Jẹ́ n sọ̀rọ̀.

Ọ̀dá wá dá. Ọ̀dá náà le débi pé ẹja ń jáde látinú odò wá tọrọ omi mu lẹ́nu ọ̀nà àwọn èèyàn.

— Irọ́ o!

Bámgbóyè, ṣé o wà níbẹ̀ ni? Èmi náà ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó sọ fún mi ní òun bu omi fún ẹja méjì.

Ọ̀dá pa gbogbo àgbàdo tó wà lóko. Nígbà tó fi máa kásẹ̀ nílẹ̀, ẹyọ méjìlá péré ló kù nínú àgbàdo aládùn yẹn, lára ṣùkù kan tí Àwẹ̀ró so kọ́ sókè ààrò, tí èéfín ti sọ di dúdú. Kò sẹ́lòmíì tó ní in nílùú. Tí méjìlá yẹn bá kú, orúkọ rẹ̀ nìkan ló kù.

Kí ló dé tí ò kó o lọ sóko? Àparò ni! Ebi ń pa Àparò lọ́dún yẹn. Kí èèyàn tó gbin àgbàdo tán, kó tó na ẹ̀yìn, Àparò ti wú u jẹ. Ṣùgbọ́n tí àgbàdo bá ti yọ ewé mẹ́ta, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wọlẹ̀, agbára Àparò ò ká a mọ́.

Àwẹ̀ró wá ní, "Inú ilé ni n ó ti jẹ́ kó hù. Tó bá yọ ewé mẹ́ta, n ó gbé e lọ sóko."

Ó dáa. Inú kí ló máa gbìn ín sí?

Pẹ́pẹ́yẹ gbọ́, ó dé pẹ̀kẹ́pẹ̀kẹ́. Ó ní, "Ìyá Alágbàdo, ogún ìyá ẹ nìyẹn o! Tí àna ẹ bá wá kí ẹ, inú kí lo fi ń gbé oúnjẹ fún un?"

Àwẹ̀ró ní, "Inú abọ́ tánganran olódòdó tí wọ́n kó fún mi wálé ọkọ ni."

"Kí lo tún wá ń rò? Má sì ṣahun omi o. Omi kì í pọ̀ jù."

Àwẹ̀ró bu iyẹ̀pẹ̀ sínú abọ́ olódòdó, ó gbin ẹyọ mẹ́rin sí i, ó ń bomi rin ín láàárọ̀, ó ń bomi rin ín nírọ̀lẹ́. Ó wá ń kọrin sí i. Ẹ bá mi gbè é:

Àgbàdo ìyá mi, hù o,
— Hù, hù, hù rúyẹ́!
Méjìlá péré lẹ kù,
— Hù, hù, hù rúyẹ́!
Ẹ má fi èmi nìkan sílẹ̀,
— Hù, hù, hù rúyẹ́!

Ọjọ́ méje pé, kò hù. Àwẹ̀ró fi ìka tú ilẹ̀. Òórùn tó jáde níbẹ̀, ìlú kejì sín! Abọ́ ò níhò, omi ò rọ́nà lọ, àgbàdo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti rà.

Pẹ́pẹ́yẹ na ọrùn wò ó. Ó ní, "Àbí omi ò tó ni?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́ já bọ́ lórí igi. "Ìwọ náà wá gba ti Pẹ́pẹ́yẹ! Ṣé àgbàdo lo fẹ́ gbìn ni àbí o fẹ́ dá odò sílẹ̀? Gba ìkarahun àgbọn mẹ́rin yìí. Èmi ni mo lu ihò sídìí ẹ̀. Ó le, ó kéré, ó ṣeé tọ́jú."

Àwẹ̀ró gbin ẹyọ mẹ́rin mìíràn sínú ìkarahun àgbọn mẹ́rin. Orin wá di:

Àgbàdo ìyá mi, hù o,
— Hù, hù, hù rúyẹ́!
Mẹ́jọ péré lẹ kù,
— Hù, hù, hù rúyẹ́!

Ó hù! Ọjọ́ karùn-ún ló yọrí. Àwẹ̀ró jó yí ilé po nígbà mọ́kànlélógún. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń yọ ewé kẹta, ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Àwẹ̀ró ní kóun tètè gbé e lọ sóko. Ó di ìdí àkọ́kọ́ mú, kò yọ. Gbòǹgbò ti lọ́ yí inú ìkarahun ká bí òwú tí ọmọ ewúrẹ́ fi ṣeré. Ó fà á. Já! Ewé wà lọ́wọ́ rẹ̀, gbòǹgbò wà nínú ìkarahun. Ó fa èkejì. Já! Ẹ̀kẹta ńkọ́?

— Já!

Ẹ̀kẹrin ńkọ́?

— Já!

Ọ̀kẹ́rẹ́ ní, "Ó ṣáà hù," ló bá gun igi lọ.

Ó ku mẹ́rin.

Àwẹ̀ró jókòó sílé ìdáná, kò dáná, kò sunkún. Nígbà tó pẹ́, ó gbé àpáàdì kaná. Ó ní, "Kí n kúkú yan án. Kí n jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n fi rántí ìyá mi."

"Àwẹ̀ró, gbé iná yẹn kúrò."

Òkété ló yọrí nínú ihò.

"Ìwọ olè yìí! Ìwọ tó jẹ ebè mẹ́ta mi lọ́dún èṣí!"

"Ebè mẹ́rin ni," Òkété ló sọ bẹ́ẹ̀. "Ó dùn. Mi ò fẹ́ kó tán láyé. Tó bá tán, kí lèmi náà máa jẹ?"

Àwẹ̀ró ń rò ó. Àwọn tó ti ń gbà á nímọ̀ràn, àgbàdo ò kàn wọ́n. Olè yìí nìkan ni nǹkan máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Òkété ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè, ewé lẹ̀ ń rí. Èmi tí mò ń gbé nísàlẹ̀, gbòǹgbò ni mò ń rí. Kí àgbàdo tó yọrí, ó ti na ẹsẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Ohun tó jìn ló fẹ́. Kò sì fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ẹsẹ̀ òun. Ewé tó o fi ń pọ́n ẹ̀kọ ni kó o lò."

"Ewé ẹ̀kọ! Ohun tí wọ́n ń jẹ tán tí wọ́n ń dà sáàtàn! Kí làwọn ará àdúgbò máa sọ?"

"Wọ́n á sọ ọ́. Ìwọ ṣáà pọ́n ọn. Tó o bá dóko, tewé-tewé ni kó o rì í mọ́lẹ̀. Ewé á jẹrà, gbòǹgbò á máa bá tiẹ̀ lọ. Má tú u o."

"Mi ò ní tú u."

"Àwẹ̀ró, má tú u."

"Mo ní mo gbọ́!"

Àwẹ̀ró ká ewé gígùn-gígùn mẹ́rin, ó rọ iyẹ̀pẹ̀ sí i, ó gbin ẹyọ kọ̀ọ̀kan sí i, ó fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kómi lè máa jò, ó tò wọ́n lóòró sínú agbọ̀n. Pẹ́pẹ́yẹ rí i, ó pariwo, "Ẹ wá wo ẹni tó pọ́n ilẹ̀ lẹ́kọ! Ẹ bá wa bu ọbẹ̀ wá!" Ọ̀kẹ́rẹ́ ní, "Ata ò gbọdọ̀ pọ̀ o!"

Orin tiẹ̀ ni Àwẹ̀ró ń kọ:

Àgbàdo ìyá mi, hù o,
— Hù, hù, hù rúyẹ́!
Mẹ́rin péré lẹ kù,
— Hù, hù, hù rúyẹ́!

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hù. Ewé kìíní, ewé kejì, ewé kẹta. Òjò sì rọ̀. Àwẹ̀ró ru agbọ̀n, ó dóko, ó gbẹ́ ihò, ó mú àkọ́kọ́ jáde.

Ẹ̀yin ọmọ, ta ló jẹ ẹ̀kọ tewé-tewé rí nínú yín?

— Kò sí!

Ìyá yín ńkọ́?

— Rárá o!

Àwẹ̀ró náà ò jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Láti kékeré, tó bá ti mú ohun tí wọ́n fi ewé pọ́n, títú ni ọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Kó tó rántí, ọwọ́ ti bó ewé. Fàà! Gbòǹgbò tó ti wọnú ewé bá ewé lọ. Iyẹ̀pẹ̀ dà. Àgbàdo dorí kodò.

Ó jókòó sórí ebè. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni ń wo ọwọ́ àlejò.

Ó wá dìde. Ó ki ọwọ́ òsì mọ́ ẹ̀yìn, kó má baà bá ọwọ́ ọ̀tún tú nǹkan. Ọwọ́ kan ló fi gbin mẹ́ta tó kù tewé-tewé, nítòsí ara wọn.

Àparò dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó hú ilẹ̀, ó kan ewé. Ó fà á, kò mì. Ó tún fà á, ó ṣubú, ó fi ìdí jókòó. Ó ní, "Ta ló wọṣọ fún àgbàdo?" Ló bá bínú lọ.

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yọmọ. Ọmọ àgbàdo kan, ọkùnrin mẹ́rin ló ń gbé e! Àwẹ̀ró pín irúgbìn yí ìlú ká, ilé dé ilé, kó má baà tún ku ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo mọ́. Lẹ́bàá ihò Òkété, ó kọ ebè kan, ó gbin tiẹ̀ síbẹ̀, kò sì bi í rí pé mélòó ló jẹ.

Ohun tí àlọ́ yìí kọ́ wa ni pé, ká má wo ẹwà ilé tá a fẹ́ fi nǹkan kékeré sí. Ká wò ó bóyá ó lè na ẹsẹ̀ níbẹ̀, kó sì kúrò níbẹ̀ láìfarapa. Àgbàdo ni mò ń wí o. Ẹni tó bá ní ọmọ, kó rò ó wò fún tiẹ̀.

Ibí ni mo pọ́n àlọ́ mi sí. Eyín mẹ́ta ló kù lẹ́nu mi. Bí mo bá purọ́, kí wọ́n má lè fọ́ àgbàdo yíyan lọ́la. Bó bá sì jẹ́ òótọ́ ni mo sọ, kí wọ́n dún lẹ́ẹ̀mẹta.

— Kọ́n! Kọ́n! Kọ́n!