Ọkọ̀ tí Ń Gbọ̀n Níbi Ìdúró

Ọkùnrin kan wà ní ìlú olókè tí ó ní ọkọ̀ àtijọ́, irú èyí tí ó ń lo kabúrétọ̀. Bí ọkọ̀ náà bá ń sáré, kò sí ohun tí ó ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ó bá dúró tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́, a máa gbọ̀n jìgìjìgì bí ohun tí ó fẹ́ kú.

Ní òwúrọ̀ tí ó fẹ́ gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ọsibítù ní ìsàlẹ̀ òkè, ó yà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Mẹkáníìkì yọ pọ́lọ́ọ̀gì wò, ó mọ́. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu kabúrétọ̀ díẹ̀, gbígbọ̀n náà sì rọlẹ̀.

“Bàbá, ó ń fa afẹ́fẹ́ níbi tí kò yẹ. Rọ́bà kan ti là. Ẹ fi í sílẹ̀ kí n wá a.”

“Ẹ̀yin mẹkáníìkì! Ẹ ti rí ọkọ̀ tó wúkọ́, ẹ ti rí oúnjẹ ọ̀sán. Ṣáà bá mi gbé síló rẹ̀ sókè, kí ẹ́ńjìnnì máa sáré díẹ̀ sí i tí ọkọ̀ bá dúró.”

“Ẹnu ẹ̀ nìkan nìyẹn máa pa mọ́ o. Kò ní wo àìsàn ẹ̀ sàn.”

“Ẹnu ẹ̀ náà ló ń dà mí láàmú.”

Mẹkáníìkì kọ̀. Ọkùnrin náà gba irin iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi yí síló sókè fúnra rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù, gbígbọ̀n náà sì dáwọ́ dúró. Inú rẹ̀ dùn.

Nígbà tí òun àti ìyá rẹ̀ dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ó tẹ bíréèkì. Ó le bí òkúta. Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ kò dúró. Síló tí ó gbé sókè ń tì í lọ.

“Àlàó, rọra!” ni ìyá rẹ̀ ń ké lẹ́yìn.

“Màmá, ẹ di nǹkan mú!”

Ó darí ọkọ̀ lu òkìtì ilẹ̀ ẹ̀bá ọ̀nà. Ọkọ̀ dúró. Itan ìyá rẹ̀ kán.

Rọ́bà tí ó là náà ni ó ń gbé agbára láti inú ẹ́ńjìnnì lọ ran bíréèkì lọ́wọ́. Ọkọ̀ ti ń sọ ọ́ tipẹ́, bí ọkọ̀ ṣe lè sọ̀rọ̀.

Ìwọ tí o ń yangàn fún mi pé ìyàwó rẹ kò ráhùn mọ́, ìwọ ni mo ń bá wí. O ní ó ń yọ ọ́ lẹ́nu nítorí àwọn onítẹ́tẹ́ tí ò ń bá rìn. O ní o jágbe mọ́ ọn, ó dákẹ́, ilé sì tòrò. Ilé kò tòrò. Ohùn rẹ ni ó bo ti ìyàwó rẹ mọ́lẹ̀. Ohun tí ó mú un ráhùn ṣì wà lára rẹ, òun kan náà ni ó sì ń jẹ agbára tí ó yẹ kí o fi kó ara rẹ níjàánu. O kò tíì mọ̀, nítorí ọ̀nà rẹ ṣì tẹ́jú. Lọ sílé lónìí. Bi obìnrin náà ní ohun tí ó ń rí, kí o sì pa ẹnu rẹ mọ́ títí yóò fi sọ ọ́ tán, bó ti wù kí ó dùn ọ́ tó.