Kànga Tí Lásúnkànmí Fẹ́ Gbẹ́

Àwọn àgbà ní bí ọwọ́ ẹni ò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Lásúnkànmí mọ òwe yìí dáadáa. Òun ló máa ń pa á fún àwọn ẹlòmíì.

Ó fẹ́ ra ilé kan ní Ìkìrun, ó sì ń retí kí bánkì yá òun lówó rẹ̀. Kí bánkì tó dáhùn, ó ti mú bíríkìlà lọ síbẹ̀.

"Ògiri yìí, wíwó ni. Sàréè ẹ̀yìnkùlé yẹn, ẹ bá mi hú u kúrò. Ibẹ̀ ni kànga máa wà."

Ìyàwó rẹ̀ fà á láṣọ. "Bàbá Mofẹ́, ẹ rọra sọ̀rọ̀. Onílé ṣì wà nínú ilé."

Ìyá arúgbó tó ni ilé ti yọjú lójú fèrèsé. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé orí bàbá mi lẹ ti fẹ́ máa fa omi?"

"Màmá, ẹ má bínú..."

"Mi ò bínú. Mi ò tà mọ́ ni."

Lọ́jọ́ kejì, bánkì pè é pé àwọn ti fọwọ́ sí owó náà. Lásúnkànmí wo ojú ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ kú oríire," nìyẹn wí. "Ẹ bi wọ́n bóyá àyè kànga wà ní bánkì."