Ọkọ̀ Oníke tí Sítiarìn Rẹ̀ Wà Lọ́tùn-ún

Láti ìgbà tí Bàbá Olúgbodi ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ awakọ̀, ọkọ̀ oníke kéékèèké ló ń tò. Yóò lẹ̀ ẹ́ pọ̀, yóò fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín kùn ún. Oṣù mẹ́ta gbáko ló lò lórí èyí tó ṣe kẹ́yìn, kò sì ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Ọmọ rẹ̀, Abíọ́nà, tó ti ní ọmọ-ọmọ báyìí, wá kí i. Bó ṣe rí ọkọ̀ náà ló bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ẹ̀yin ògbólógbòó awakọ̀! Apá ọ̀tún lẹ fi sítiarìn sí?"

"Ẹni tó bá fara balẹ̀ pa èèrà ló ń rí ìfun rẹ̀. Wo inú rẹ̀ dáadáa."

Abíọ́nà gbé e sún mọ́ ojú, ó yọjú wo ojú fèrèsé rẹ̀. Aṣọ aláró kan tí kò tó ẹyọ ìrẹsì wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn.

"Aṣọ ta nìyí?"

"Òun la kọ́kọ́ fi wé ọ. Irú ọkọ̀ tí ìyá rẹ bí ọ sí nìyẹn, a ò tíì dé ọsibítù. Apá òsì títì la ṣì ń gbà nígbà náà, ọ̀tún ni sítiarìn sì wà."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu Abíọ́nà. Ó fa àga sún mọ́ bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ fara balẹ̀, ẹ sọ ọ́ fún mi látìbẹ̀rẹ̀."