Férémù Tó Máa Gba Ọlá Ọba

Ìtàn mi balẹ̀ gbì, ó balẹ̀ sórí Àwẹ̀ró, opó tó ń fi igi ọ̀gánwó ṣe férémù fọ́tò. Ọba Igbóòfé ránṣẹ́ pè é, ó ní: "Férémù tó máa gba gbogbo ọlá mi ni kó o ṣe. Bó bá kéré, mo gba ṣọ́ọ̀bù rẹ." Àwẹ̀ró kúnlẹ̀: "Kábíyèsí, a kì í gé igi láìwọn ohun tó máa wọ inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n wọn ọlá yín." Ó so okùn mọ́ ìtẹ́ ọba, ó ń na án lọ síta. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà ààfin, ó bi àwọn ìjòyè pé: "Ẹ̀yin bàbá, ṣé ibí ni ọlá Kábíyèsí parí sí?" Wọ́n figbe ta: "Èèwọ̀! Ṣé o fẹ́ kú ni?" Ló bá ń na okùn lọ, tọba tìjòyè ń làágùn tẹ̀ lé e, títí wọ́n fi dé odò ààlà, níbi tí àwọn ará ìlú kejì ti dúró lódìkejì pẹ̀lú àdá lọ́wọ́, tí wọ́n ń ṣọ́ ilẹ̀ wọn. Àwẹ̀ró ká ìró sókè, ó ti ẹsẹ̀ kan bọ odò. "Kábíyèsí, ṣé kí n gé e síbí, àbí kí n sọdá?" Ọba wo àdá, ó wo àwọn ìjòyè. "Àwẹ̀ró, jáde nínú omi. Ojú mi nìkan ni kó o ṣe férémù fún." "Ṣé kí n fi etí kún un, Kábíyèsí?" "Bí igi bá tó."