Àwókù Ilé Ìbídùn
Ọgbọ́n tí mo fẹ́ sọ yìí dùn, àmọ́ mi ò tí ì rí ẹni tó rẹ́rìn-ín débi ìparí rẹ̀. Olóyè Ògúnrìndé, tó ti ń wá ilẹ̀ Ìbídùn opó gbà tipẹ́, fi katapílà wó ilé obìnrin náà, ó sì pàṣẹ lójú gbogbo àdúgbò pé: "Bí mo bá rí àwókù kankan níbí lọ́jọ́ Ẹtì, ilẹ̀ di tèmi. O ò sì gbọdọ̀ kó o gba ojú ọ̀nà mi." Ọ̀nà míì ò sì sí. Ìbídùn ní, "Mo ti gbọ́, Olóyè." Ó ti bá àwọn bíríkìlà ṣiṣẹ́ rí. Ó mú òòlù, ó fọ́ àwókù náà wẹ́wẹ́, ó rẹ ẹ́ sómi kó má baà fa omi sìmẹ́ńtì mu, ó fi po kọnkéré, ó dà á sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì fi pákó tẹ́ ẹ dọ́gba. Lọ́jọ́ Ẹtì, Olóyè dé, ó wò yíká. "Àwókù dà?" "Òun lẹ dúró lé lórí yẹn, Olóyè. Kò gba ọ̀nà yín." Olóyè fi ọ̀pá gún ilẹ̀ náà, ọ̀pá ló kán. Àwọn èèyàn hó yèè, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Aládùúgbò kan ní kí Ìbídùn jó. Ìbídùn ní, "Ṣé ẹ rántí ibi tí Tanímọ̀lá ọmọ mi tẹ àtẹ́lẹwọ́ sí lára ògiri, kó tó kú? Mo fẹ́ gbé e pamọ́. Àmọ́ àwókù lòun náà. Òun ni mo fọ́ kẹ́yìn. Ó wà ní igun yẹn." Títí dòní, kò sẹ́ni tó ń fi bàtà tẹ igun náà.