Ògúnṣuyì Eléjò àti Kòtò Òkè Ọ̀bọ

Ògúnṣuyì káfíńtà ń gbé ní Ìdí-Àpáta, ìlú kékeré kan tí òkè yí ká. Ilẹ̀kùn tí ó bá kàn kì í dún, àga tí ó bá ṣe kì í mì. Síbẹ̀, orúkọ tí gbogbo ìlú ń pè é kì í ṣe Ògúnṣuyì. Eléjò ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni kò sin ejò rí, kò sì pa á jẹ rí. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi ra orúkọ náà, nínú eré kẹ̀kẹ́.

Lọ́dọọdún, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wa iṣu tuntun, àwọn ará Ìdí-Àpáta a máa fi kẹ̀kẹ́ sáré ìje. Kì í ṣe eré orí títì. Ọ̀nà oko tóóró tí ó yí Òkè Ọ̀bọ ká ni wọ́n ń gbà. Gbòǹgbò wà níbẹ̀, òkúta wà níbẹ̀, odò kan sì wà tí wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ èjìká là kọjá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ń yí òkè náà ká, láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi kan àtàrí. Kò sí ẹni tó fi eré náà ṣe iṣẹ́ jẹun nínú wọn. Káfíńtà ni, télọ̀ ni, tíṣà ni, àgbẹ̀ ni. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ru igi àti kòkó lójoojúmọ́ náà ni wọ́n ń gùn. Odindi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kan ni ẹ̀bùn ẹni tó bá ṣáájú, òun náà ni yóò sì kọ́kọ́ bu iṣu sísun jẹ lábẹ́ igi àràbà tí eré náà ń parí sí.

Bí ẹ̀bùn náà ti kéré tó, òfin rẹ̀ kò kéré. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá lára ẹni iwájú gbọ́dọ̀ kágò. Yóò ní, "Àgò o." Ẹni iwájú yóò ní, "Àgò yà," yóò sì yà fún un níbi tí ọ̀nà bá ti fẹ̀. Bí o bá rí ẹnì kan tó dúró sẹ́bàá ọ̀nà, o kò gbọ́dọ̀ kọjá láìbi í bóyá kò sí nǹkan. A kì í ju èèpo ọsàn sójú ọ̀nà. Èyí tó ga jù nínú gbogbo rẹ̀ ni òfin ìkìlọ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ewu yóò já ewé tútù sójú ibẹ̀, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ̀. Bí kò bá sí ewé nítòsí, òun fúnra rẹ̀ ni yóò dúró ti ewu náà, tí yóò máa pariwo rẹ̀ títí ẹni ìkẹyìn yóò fi kọjá. Bàbá Fátúyì, àgbàlagbà tó ń ṣe adájọ́ eré náà, a máa sọ pé ìkìlọ̀ dà bí omi inú àmù. Ẹni tó bá da ìdọ̀tí sí i, gbogbo ilé ló fẹ́ fi òùngbẹ pa.

Ògúnṣuyì da ìdọ̀tí sí i. Ní ọdún kan, ó wà níwájú, ṣùgbọ́n èémí rẹ̀ ti fẹ́ pin, Adéṣíyan télọ̀ àti Tíṣà Olúmoyè sì ti fẹ́ bá a. Ló bá ké pé, "Ejò, ejò wà lójú ọ̀nà." Gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn fa ìjánu kẹ̀kẹ́ wọn lójijì. Àwọn kan kọ lu ara wọn. Tíṣà ya bàrá, ó sì gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọ inú igbó wèrèpè. Ògúnṣuyì ti lọ ní tirẹ̀. Kò sí ejò kankan níbẹ̀. Nígbà tí òtítọ́ jáde lábẹ́ igi àràbà, Bàbá Fátúyì gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Tíṣà ń fi epo para, ó ń họra, kò sì lè jókòó.

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ náà, nítorí wọ́n fẹ́ràn Ògúnṣuyì. Ṣùgbọ́n ẹni tí a fẹ́ràn kì í ṣe ẹni tí a gbà gbọ́. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá sọ pé àga yóò jáde lọ́la, oníbàárà yóò ní, "Ṣé lọ́la gidi ni, àbí lọ́la ejò?" Ó ń fara dà á. Àfi ọjọ́ tí Ìbídùn, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ti ilé ìwé dé, tó ní, "Bàbá, wọ́n ní kí n lọ jókòó lọ́tọ̀. Wọ́n ní ọmọ ejò lè bu àwọn ṣán." Ọjọ́ náà ni Ògúnṣuyì kò lè jẹun.

Nígbà tí ọdún yí po, ó ń fi epo sí ṣéènì kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ìyàwó rẹ̀ Mojírádé sì ń ṣa ẹ̀fọ́ nítòsí.

Ó ní, "Ìyá Ìbídùn, èmi ni n ó ṣáájú lọ́dún yìí, láìpurọ́, láìrẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹni tó bá fi òtítọ́ ṣáájú, ta ni yóò tún pè é ní Eléjò?"

Mojírádé ní, "Wọn á máa pè yín ní Eléjò tó mọ kẹ̀kẹ́ gùn."

"Ìwọ náà?"

"Ẹ má bínú, Bàbá Ìbídùn. Ẹsẹ̀ yín kọ́ ló ba orúkọ yín jẹ́, ẹnu yín ni. Ẹ̀yin náà ni ẹ máa ń sọ fún ọmọ yìí pé ẹyin lohùn."

Ògúnṣuyì mú àkísà. Ó ń fi í nu ṣéènì náà títí ó fi ń dán.

Nígbà tí eré ku ọ̀la, òjò ńlá rọ̀ ní òru. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n kóra jọ sábẹ́ igi àràbà. Bàbá Fátúyì bi wọ́n bóyá kí àwọn sún eré náà síwájú, wọ́n ní rárá. Adéṣíyan télọ̀, ọ̀dọ́kùnrin ẹlẹ́rìn-ín tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bí ti àkọ̀, ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ògúnṣuyì.

"Ẹ̀gbọ́n Eléjò, ẹ kú ìmúra. Ejò mélòó ni ká máa retí lónìí, ká lè mú igi dání?"

Ògúnṣuyì ní, "Ìdí mi lo máa rí lónìí, Adéṣíyan. Fara balẹ̀ wò ó, kí o lè rán ṣòkòtò rẹ̀ fún mi láìwọ̀n ọ́n."

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbéra.

Ògúnṣuyì pa gbogbo òfin mọ́ lọ́jọ́ náà. Ó ń kágò, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá yà fún un. Ní ìyípo kejì, ó bá Tíṣà Olúmoyè lórí ìkúnlẹ̀, táyà rẹ̀ ti jò. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì fún un ní rọ́bà àti gúlù tí yóò fi lẹ̀ ẹ́. Tíṣà gbà á, ó sì gbóòórùn rẹ̀ wò kó tó lò ó.

Ó ní, "Má bínú, káfíńtà. Ara mi ló ń ṣe báyìí bí mo bá rí ẹ."

Ní ìyípo kẹta, Ògúnṣuyì gun òkè náà dé góńgó, ó bojú wẹ̀yìn, kò rí ẹnikẹ́ni. Itan rẹ̀ ń gbọ̀n, òógùn ti ro sí i lójú, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn. Ìsọ̀kalẹ̀ nìkan ló kù, lẹ́yìn náà ni pẹ̀tẹ́lẹ̀ títí dé ìdí àràbà. Ó jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ máa sáré lọ, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ sí i láyà.

Ní ìsọ̀kalẹ̀ náà, igun kan wà tí àpáta ńlá bo ojú rẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ lókè kò lè rí ẹ̀yìn rẹ̀ àfi bó bá dé e tán. Omi òjò ti jẹ abẹ́ ọ̀nà náà lọ láti òru. Ojú ilẹ̀ ṣì dúró bí awọ ìlù, ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ ti ṣófo, àwọn kẹ̀kẹ́ tó kọjá ní ìyípo méjì àkọ́kọ́ sì ti mú un rọ̀. Bí táyà Ògúnṣuyì ti kàn án, ilẹ̀ là, òun àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì já sínú rẹ̀ gbì.

Kòtò náà jìn dé àyà rẹ̀. Ẹrẹ̀ pupa ló bọ́ lé, ìyẹn ni kò jẹ́ kí egungun rẹ̀ ṣẹ́. Ó fọwọ́ kan ara rẹ̀ káàkiri, ó gbé kẹ̀kẹ́ síta, òun náà sì rá gòkè. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ti wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n táyà méjèèjì ṣì ń yí. Ó wò yíká bóyá yóò rí ewé já. Àpáta gbalasa ni gbogbo ibẹ̀, kò sí igi kankan nítòsí.

Ó mọ ohun tí òfin wí. Ó sì mọ ohun tó wà níwájú rẹ̀: pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó tẹ́ rẹrẹ, igi àràbà, Ìbídùn tó ń dúró pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Bó bá gun kẹ̀kẹ́ nísinsìnyí, kò sí ẹni tó lè bá a mọ́. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan lé kẹ̀kẹ́ nígbà tó gbọ́ tí Adéṣíyan ń súfèé bọ̀ lókè.

Ó padà sẹ́yìn, ó sì ké pé, "Adéṣíyan, kòtò wà níbí. Fa ìjánu."

Ohùn Adéṣíyan dáhùn láti òkè pé, "Ejò ti di kòtò lọ́dún yìí? Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa tọ́jú ti ẹkùn dé ọdún tó ń bọ̀." Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì túbọ̀ ń dún kíkankíkan bọ̀.

Ògúnṣuyì tún ké. Ẹ̀rín ló tún gbọ́. Níbẹ̀ ló ti yé e pé irọ́ kan tí òun pa lọ́dún tó kọjá ti jẹ gbogbo òtítọ́ tó wà lẹ́nu òun. Ìwọ̀nba àyè tó kù kò tó láti ronú. Ó gbá kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú, ó bẹ́ padà sínú kòtò, ó sì gbé kẹ̀kẹ́ náà sókè lórí rẹ̀.

Bí Adéṣíyan ti yọ ní igun àpáta, orí ènìyàn ló rí nínú ilẹ̀, tó pupa bí osùn, tí kẹ̀kẹ́ sì wà lókè rẹ̀. Ó fa ìjánu, ó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta, ó sì fi ìdí wọ́ títí dé etí kòtò náà gan-an. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń mí.

"Kòtò ni lóòótọ́," ni ó wí.

"Mo sọ fún ọ."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti jáde kúrò nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo gbọ́ ohùn yín lókè ilẹ̀."

"Mo ti jáde."

"Kí ló wá dé tí ẹ tún padà wọ ibẹ̀?"

Ògúnṣuyì ní, "O kò gbà mí gbọ́ nígbà tí mo wà níta."

Adéṣíyan dìde. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sí i. "Ẹ jáde. Èmi ni n ó dúró kígbe fún àwọn tó kù. Wọn á gba tèmi gbọ́."

"Ta ni òfin ní kó dúró?"

"Ẹni tó kọ́kọ́ rí i."

"Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Máa lọ. Tíṣà ń bọ̀, ara ẹni yẹn kò sì tí ì gbàgbé wèrèpè."

Adéṣíyan lọ, ṣùgbọ́n kò súfèé mọ́. Tíṣà dé, ó rí orí pupa náà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó rọra gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Ó ní, "Káfíńtà, o ṣeun," ó sì tún yíjú padà sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọjá, ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń kí i kú ìdúró. Apá rẹ̀ kan gan nítorí kẹ̀kẹ́ tó ń gbé sókè. Bàbá àgbẹ̀ kan tí ṣéènì rẹ̀ ti já, tó ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀, ló kẹ́yìn. Òun ló fà á jáde, àwọn méjèèjì sì jọ ń ti kẹ̀kẹ́ wọn lọ.

Lábẹ́ igi àràbà, ẹnu ya Bàbá Fátúyì. Lọ́dọọdún, àwọn kan a máa ti ìsọ̀kalẹ̀ yẹn bọ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lórúnkún. Lọ́dún yìí tí òjò rọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó fara pa. Ó pe Adéṣíyan tó ṣáájú.

"Ìwọ tó jẹ́ pé bí ẹni tí wọ́n ń lé lo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ta ló kọ́ ọ lọ́gbọ́n?"

Adéṣíyan ní, "Ará iwájú ni, Bàbá. Ó jìn sí kòtò, ó sì kọ́ àwa ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n." Ó wá sọ gbogbo bó ṣe rí.

Nígbà tí Ògúnṣuyì yọ, tòun ti ẹrẹ̀ lára, gbogbo wọn dìde. Adéṣíyan gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà pàdé rẹ̀, ṣùgbọ́n Ògúnṣuyì kọ̀ ọ́.

Ó ní, "Ẹni tó ṣáájú ló ni ín. Òfin ni."

Bàbá Fátúyì mi orí. Ó bu iṣu sísun, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún un.

Mojírádé wá fi etí aṣọ nu ojú rẹ̀. "Bàbá Ìbídùn, ẹ ti wá ṣáájú báyìí?"

"Mo kẹ́yìn."

"Mo rí i," ni ó wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn wọn, àwọn ọmọdé ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá Ìbídùn ṣeré, wọ́n ń bi í pé kí ni Bàbá Ará Iwájú máa ń jẹ tí kì í rẹ̀ ẹ́.

Kò sí ẹni tó pe Ògúnṣuyì ní Eléjò mọ́ ní Ìdí-Àpáta. Láti ìgbà náà wá ni ó sì ti di ohun tí àwọn àgbà ń fi kìlọ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà tí ẹlòmíràn ti rìn ṣáájú rẹ̀, pé: ará iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n.