Kíláàsì Méjì fún Tíṣà Kan
Ọ̀gá ilé-ìwé kan pàṣẹ fún Tíṣà Mobọ́láńlé pé kó máa kọ́ kíláàsì méjì lẹ́ẹ̀kan náà, torí pé àbúrò ìyàwó ọ̀gá, tó ni ọ̀kan nínú wọn, kì í wá síṣẹ́. Ó ní bí kíláàsì kankan bá wà láìní tíṣà, òun á lé e lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ Mobọ́láńlé ní kó kúkú pa méjèèjì tì. Ó dun òun náà, ṣùgbọ́n ó ní àwọn ọmọ ò ṣẹ òun. Ló bá kó kíláàsì àbúrò ìyàwó lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Nínú gbogbo àwa tíṣà, ẹ̀yin nìkan ni ẹ ò ní kíláàsì, sà." Àwọn ọmọ ti ṣí ìwé, wọ́n ń wojú ọ̀gá. Ọ̀gá kọ́ wọn títí ohùn rẹ̀ fi há. Lọ́sàn-án, ó pe àbúrò ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù: "Tètè wá lọ́la, jọ̀ọ́. Èmi ni wọ́n ń kó wọn wá bá."